Kò Sẹ́ni Tó Yàtọ̀ Níbí

Ọ̀gá télọ̀ kì í ṣojúsàájú, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ mẹ́wàá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oríṣi tábìlì kan náà, àga kan náà, àlùmọ́gàjí kan náà ló rà fún gbogbo wọn.

"Kò sẹ́ni tó yàtọ̀ níbí," ló máa ń wí láràárọ̀, á wá gbé àyà síwájú.

Àfi télọ̀ tuntun kan láàárín wọn ni kò jẹ́ kó gbádùn. Oṣù kan rèé, gbogbo aṣọ tó bá gé ló ń rí págunpàgun.

Lónìí, sùúrù ọ̀gá tán. Ó gbé ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ síwájú télọ̀ tuntun náà.

"Má bínú, àbúrò mi. Fọwọ́ sí i níbí."

Télọ̀ tuntun mú bírò. Ó wojú ọ̀gá, ó mí kanlẹ̀, ó wá fi bírò náà sí ọwọ́ òsì.

Wéré ló kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo lẹ́tà gún régé.

Ọ̀gá lanu. "Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ní kò sẹ́ni tó yàtọ̀ níbí, mà."

Ọ̀gá wo àlùmọ́gàjí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún.

Ó fa ìwé náà ya, ó fi fóònù pe ẹni tó ń ta irinṣẹ́, ó ní òun fẹ́ àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì. Onítọ̀hún ní mélòó ló fẹ́.

"Ẹyọ kan..." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Àbí ẹnì kan tún wà?"

Ọwọ́ méjì nà sókè. Òsì ni méjèèjì.

Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá àgbà tó ti ń bá a gé aṣọ láti ọdún méjìlá.

"Ìyá! Láti ọdún méjìlá, ẹ ò wí?"

"Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wá, ọ̀gá."