Ṣé Gbogbo Rẹ̀ Nìyẹn, Wilf?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Mo fi irun orí ìyá mi àgbà búra. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, wíìgì ni irun orí ìyá mi àgbà, nítorí náà ẹ yọ ìdá kan kúrò nínú mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án tó kù kò lábùlà.

Àgbà ọkùnrin méjì wà ní abúlé kan ní Suffolk nílùú òyìnbó, Wilf Catchpole àti Norris Garrod. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á máa fì í sọ́tùn-ún sósì lórí oko Ọ̀gbẹ́ni Pettit bí ẹni ń gbálẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ké, wọ́n á gbẹ́lẹ̀. Ìṣó ni wọ́n sábà máa ń rí, àti bọ́tìnnì, àti etí agolo bíà tí àwọn ọ̀mùtí fà ya.

Iṣẹ́ náà ní òfin. Tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko. Ti géètì. Dí ihò tí o gbẹ́, kí màlúù má baà kán lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, da àpò rẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ olóko kí ó rí ohun gbogbo. Èyí tí wọ́n kórìíra jù ni kí ènìyàn ri nǹkan mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn lè wú u. Wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ilẹ̀ ní irọ́. Norris ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn òfin náà fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń wá irin.

Norris á da àpò tirẹ̀, á wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Wilf?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ń bi í bẹ́ẹ̀, Sátidé kan kò yẹ̀. Wilf ti kà á sí ìkíni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1996, ìyàwó Wilf kú. Wilf ní òun á ta ẹ̀rọ òun, òun á jókòó sílé títí ikú á fi wá kan ilẹ̀kùn. Norris bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun jáde lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ẹsẹ̀ ni Norris fi rìn wá lọ́jọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta alùpùpù tó fẹ́ràn bí ojú, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Lọ wo abẹ́ igi óákù yẹn," ni Norris wí. "Èmi ń lọ tọ̀."

Lábẹ́ igi náà ni Wilf ti wú owó wúrà kan, orí ọba tó ti kú tipẹ́ lára rẹ̀, etí rẹ̀ kan kán díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Kò ta ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Kò sì jẹ́ kí ojú kankan rí wúrà náà.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún Norris pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní gbé e dé Kérésì. Norris kò rí wúrà wú rí. Wilf ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní òun á fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pa èkejì rẹ́. Ní ọ̀sán Fúráìdé, ó lọ ri wúrà náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì oko.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ń ṣẹ́ winniwinni.

"Norris, gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀? Sàréè bàbá rẹ?"

"Ṣáà lọ, jàre. Èmi ń lọ tọ̀."

Norris dúró wò ó díẹ̀ kó tó lọ. Ẹ̀rọ ké. Ó kúnlẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀, ó gbé nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò nu etí rẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi gbé e ṣubú.

"Kí lo rí?" Wilf kígbe.

"Etí agolo!"

Ó dí ihò náà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìṣó mẹ́ta àti bọ́tìnnì kan ló bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí," ni Pettit wí, "bí ẹ bá fi máa kó ìṣó oko mi tán, abà mi á ti wó."

Wilf ló bèèrè lọ́tẹ̀ yìí. "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Norris?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn." Norris ń wò ó lójú. "Àbí o mọ ohun tí n kò mọ̀?"

Wilf wo bàtà rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Rárá o."

"Ó dáa náà."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni inú Wilf fi dùn. Norris tó kọ òfin, olè ni òun náà! Lẹ́yìn náà ló rí i pé òun kò lè pè é lólè láìjẹ́ pé òun tú àṣírí ara òun. Nígbà tí Norris wọ ọsibítù, Wilf ń lọ kí i.

"Ṣé o ní ọ̀rọ̀ kan fún mi?" Norris á bi í.

"Rárá. Ìwọ ńkọ́?"

"Ìwọ ni kó kọ́kọ́ sọ."

Wilf á wá máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Oṣù kọkànlá ni Norris kú. Wilf sunkún níbi ìsìnkú débi pé wọ́n dì í mú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nídìí tíì àti búrẹ́dì, Beryl, opó Norris, gbé agolo tábà kan lé e lọ́wọ́.

"Ó ní kí n fún ọ. Ó ní kí n má ṣí i." Ojú rẹ̀ le. "Mo ṣí i."

Ó yí ẹ̀yìn padà. Owó wúrà náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti ọdún 1996, láti ṣọ́ọ̀bù tí ń ta owó àtijọ́ ní ìlú Ipswich.

Ibi tí mo ti parọ́ nìyí: Wilf kò sunkún níbi ìsìnkú, ó ń rò ó bóyá wọ́n ti sin wúrà náà mọ́ òkú. Ìyókù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, títí kan ohun tí Norris fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn rìsíìtì náà lọ́dún náà lọ́hùn-ún.

"Owó alùpùpù ni mo fi rà á, mo sì rì í sábẹ́ igi óákù kí Wilf má baà ta ẹ̀rọ rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá fi í hàn mí, n óò sọ fún un."