Bíréèkì Kan Ṣoṣo

"Ọ̀gá, bíréèkì yìí tún ti dẹ̀, bó ṣe dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò fún màmá tó ń sọ̀rọ̀ náà. Kò ní jíà, bíréèkì kan ṣoṣo ló ní. Àpá ọ̀bẹ wà lára nọ́ọ̀tì rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ tú u! Ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò gbá yín ni?"

Màmá wolẹ̀. "Bí kò bá tú, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ Yorùbá ní àdúgbò Cissin nílẹ̀ àjèjì yìí?"

Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì fi Yorùbá kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà kú iṣẹ́. Ó fún nọ́ọ̀tì bíréèkì náà pinpin.

Bí màmá ti yíjú láti tún gèlè rẹ̀ wé, ọkùnrin náà rọra tú nọ́ọ̀tì agogo kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀.