Àlejò Tí Ọláoyè Dà Sínú Omi

Ọláoyè kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá kan: ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹni tó kéré sí i jáde kì í wọ̀ ọ́ létí. Kò dìgbà tí ẹnu bá hu irùngbọ̀n kó tó sọ òótọ́, àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn fún un?

Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ epo tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Calgary, ní Kánádà, ní kó máa lọ sílé. Ó kọ̀wé wáṣẹ́ títí, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ìbínú rẹ̀ wá pọ̀ débi pé Mọ́láyọ̀, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje, ń sá fún un. Basement ilé wọn ní àdúgbò Taradale ló máa ń jókòó sí, níwájú táńkì gíláàsì tó ti ń sin ẹja discus méjì, takọ-tabo, tí wọ́n rí pẹrẹsẹ bí àwo.

Àfi bí ẹja ṣe yé ẹyin, tí wọ́n sì pa ọmọ. Ọmọ discus kì í kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ míì. Oje tó ń sun lára ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ń jẹ. Mọ́láyọ̀ rí èyí, ó gbàgbé ìbẹ̀rù. Bó bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń sáré wá.

"Daddy, which one is mine?"

"Èyí tó wà léti yẹn. Tó bá dàgbà, tìẹ ni."

Inú Ọláoyè dùn. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti bi í ní nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akínlabí, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ń kó kúrò nílùú. Ó fún un ní discus mẹ́ta tirẹ̀. Mardiyah, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹja, bá a níbi tó ti fẹ́ dà wọ́n sínú táńkì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà wọ́n pọ̀. Ẹ fi wọ́n sínú omi ọ̀tọ̀ for six weeks first. Ẹja lè máa dán kó ní àrùn lára."

"Àlejò ni wọ́n. Ṣé ìta lẹ máa ń fi àlejò sí nílé yín?"

"Àwọn ọmọ yẹn ṣì kéré, sir."

"Ìwọ náà ṣì kéré. Lọ kàwé ẹ jàre."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọláoyè dà wọ́n pọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ẹja dúdú, ó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ń bó. Àrùn náà ran bàbá ẹja. Àwọn ọmọ ń wá oje tí wọ́n máa jẹ lára wọn, wọn ò rí. Ọláoyè pààrọ̀ omi, ó fi kún iná hítà, nígbẹ̀yìn ó lọ kan ilẹ̀kùn Mardiyah. Ọmọbìnrin náà wá, ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo wọn ti kú, ti Mọ́láyọ̀ náà kò yọ.

Ọmọ náà dúró, ó ń wo omi.

"Daddy, did Auntie Mardiyah tell you?"

"Ó sọ fún mi."

Mọ́láyọ̀ gòkè lọ. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá sọ ohunkóhun fún un, ì báà ṣe pé snow máa rọ̀ lọ́la, yóò kọ́kọ́ lọ bi Auntie Mardiyah bóyá òótọ́ ni. Kò sọ̀kalẹ̀ wá sí basement mọ́. Ọláoyè nìkan ló ń jókòó síbẹ̀, tí hítà ń mú omi tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ gbóná.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fetí sí èyí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àrùn kì í béèrè ọjọ́ orí ẹni tó ni táńkì. Ẹni tó bá kọ ìmọ̀ràn nítorí pé ẹnu kékeré ló ti jáde, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ tirẹ̀ náà kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́.