Dilmurad Sá fún Ooru

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ já Dilmurad Khoso sílẹ̀ lẹ́bàá àgbàlá àna rẹ̀ ní Kalat. Sabzal, bàbá ọkọ ọmọ rẹ̀, ń rẹ́ irun àgùntàn lábẹ́ igi. Ó gbójú sókè, ó sì ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni, àbí àna mi nìyí? Mahganj! Jáde wá! Bàbá ẹ dé! Oòrùn ti lé wọn!"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìdílé méjèèjì ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú ara wọn ṣeré. Bí òtútù bá ti ń sọ omi inú ìkòkò di yìnyín ní Kalat, Sabzal àti àwọn ará ilé rẹ̀ a da àgùntàn wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, inú oko Dilmurad nítòsí Jacobabad ni wọ́n sì máa ń pàgọ́ sí. Ibẹ̀ ni Bijjar, ọmọ Sabzal, ti rí Mahganj tó fi fẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ń padà sókè, Sabzal a ní kí Dilmurad àti Gohar ìyàwó rẹ̀ wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ àwọn. Lọ́dún yìí, Gohar tilẹ̀ ti di ẹrù. Dilmurad ló ní kó tú u.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sá fún òtútù," ó wí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ọmọ Jacobabad tó bá sá fún oòrùn, kó fi ìbòjú bojú bí ìyàwó tuntun."

Sabzal ò gbàgbé. Ó wọlé, ó mú ìbòjú ìyàwó rẹ̀ jáde, ó sì gbé e lé àna rẹ̀ lórí.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o!"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Dilmurad ò ṣí i kúrò. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo ilẹ̀.

Mahganj gbé wàrà tútù wá fún un. Bàbá rẹ̀ gbà á, ó dì í mú, kò mu ún. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ẹlòmíràn.

"Bàbá, Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́hùn-ún."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sínú ooru yẹn? Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń sinmi."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀."

Sabzal tún jókòó ti àgùntàn rẹ̀. "Báwo ni ooru ọ̀hún ṣe rí lọ́dún yìí?"

"Kò ṣeé fẹnu sọ, àna mi. Iná lọ, kò padà. Omi ẹ̀rọ ń bó ni lọ́wọ́. Aṣọ téèyàn rẹ sómi, kó tó fi bora, ó ti gbẹ."

"Òtútù ṣàánú jù ú lọ," ni Sabzal wí. "Èèyàn lè dáná sí òtútù. Kí lèèyàn fẹ́ dá sí ooru?"

"Kò sí," ni Dilmurad dáhùn.

Inú ti ń bí Mahganj. "Ẹ̀yin lẹ ní kí Ìyá tú ẹrù, Bàbá. Nígbà tí ooru wá kan ẹ̀yin fúnra yín lára, ẹ fò sọ́kọ̀, ẹ wá ń jẹ atẹ́gùn. Láti ọjọ́ tí ìjì ti wó òpó tẹlifóònù, mi ò gbóhùn wọn. Ojú ò tilẹ̀ tì yín?"

"Ó ń tì mí, ọmọ mi."

"Ó tó, Mahganj," ni Sabzal wí. "Bàbá ẹ ni."

Mahganj wọ yàrá tí atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa, ó gbọn ẹní onírun, ó tẹ́ ẹ, ó to ìrọ̀rí sí i. Ó jáde, ó ké sí ọkọ rẹ̀ pé kó máa lọ sí Jacobabad lójú ẹsẹ̀, kí ó lè fi ìtura òru gbé Ìyá padà wá.

"Sọ fún wọn pé mi ò gbọ́ àwáwí kankan. Bí wọ́n bá kọ̀, gbé wọn sínú ọkọ̀!"

Bijjar rẹ́rìn-ín. Ó bu omi sínú ẹ̀rọ ọkọ̀, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Dilmurad ṣí ìbòjú kúrò lórí, ó dìde.

"Ẹ jókòó jàre, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ni Sabzal wí. "Bijjar mọ̀nà."

Ṣùgbọ́n Dilmurad ti dé iwájú ọkọ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó fẹ́ tì í padà sẹ́yìn.

"Pa ọkọ̀, Bijjar," ó ní, "ọjọ́ Jímọ̀ la sin Gohar, mo sì ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ fún ọmọ mi láti ìgbà tí mo ti wọlé."