Àǹtí Tí Kì í Gbé Fóònù

Akọ̀wé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn ti ń bínú sí obìnrin kan tí kò rí rí.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ wú, ó sì fìdí kan orí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ó ní òun kì í rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ ò sì wu òun. Akọ̀wé fún un ní fọ́ọ̀mù àti káàdì ọ́fíìsì, bó ti ń fún gbogbo ẹni tó bá wá.

"Fóònù mi ti bàjẹ́, mà."

"Kò burú. Kọ nọ́ńbà ẹni tó sún mọ́ ọ. Òun la ó pè tó bá kàn ọ́."

"Ṣé túláàsì ni?"

"Túláàsì ni o. Bí àyè yẹn bá ṣófo, ọ̀gá ò ní gbà á."

Ọmọ náà ronú títí kó tó kọ nọ́ńbà kan. Ó kọ "àǹtí mi" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dá bírò padà, ó dúpẹ́, ó lọ.

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀gá nìkan ló sì ń rí gbogbo wọn. Akọ̀wé bẹ ọ̀gá, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ̀ǹda àyè kan ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọ́fíìsì ò yí padà: ìpè mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, wọ́n á fagi lé orúkọ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé gbé fóònù orí tábìlì rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà. Ìró tó gbọ́ ni ti ìlà tí ẹnì kan ti ń lò lọ́wọ́. Ó pè é lọ́sàn-án, ó pè é nírọ̀lẹ́, bákan náà ni.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti sú u.

"Àǹtí wo lèyí? Kí ló ń sọ tí kì í tán? Ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ, òun ń tàkúrọ̀sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ọ̀gá ò gbójú sókè nínú fáìlì. "Bóyá ọjà ló ń tà."

"Ẹnu ló ń tà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọmọ náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀."

"O ò gbọdọ̀. Ẹni tó bá ti wọ ibí, a kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ níbòmíì. O kúkú mọ̀."

Lọ́jọ́rú, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Ìró kan náà ni. Inú bí i débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó fi bírò pupa fa igi lé orúkọ ọmọ náà lórí, ọ̀gá sì gbé àyè Ọjọ́bọ̀ fún ẹlòmíì.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó mú káàdì ọ́fíìsì dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi ka nọ́ńbà ara káàdì yìí. Ìtẹ̀wé rẹ̀ ò hàn sí mi."

Akọ̀wé gba káàdì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn káàdì náà dé láti ilé ìtẹ̀wé ló ti ń pín wọn, kò sì ráyè wo ohun tí wọ́n kọ sí wọn. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀dọ́kùnrin náà lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kà á dé ìlàjì, kò wo káàdì mọ́, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń ka ìyókù lọ geerege.

Nọ́ńbà tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ni, nọ́ńbà fóònù orí tábìlì rẹ̀ gan-an, èyí tí ọmọ náà dà kọ láti ara káàdì nígbà tí kò rí ẹlòmíì láyé tó lè kọ.