Èènì Àkànjí

Ìyá Muhydeen gbé ẹ̀rọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù Àkànjí ní Àgídìngbì, ó fi ìborùn wé e bí ẹni wé ọmọ ìkókó. Muhydeen tí wọ́n fi ń pè é ti kú. Tírélà ló pa á ní Oregun nígbà tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹ̀rọ ìlù yìí ló fi ń ṣe bíìtì nígbà ayé ẹ̀.

Àkànjí tú ìborùn. Orí àwọn bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà ti jẹ, nọ́ńbà ara wọn ti pa rẹ́. Àwọn mìíràn ti dá kòtò láàárín, níbi tí ìka ọmọ náà ti ń bà lé wọn láti ọdún gbọọrọ.

"Kí ló ń ṣe é, màmá?"

Ìyá náà ń wo ẹnu ẹ̀. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kì í ta ìka mi padà mọ́!" Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń jà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ike wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, nítorí náà Àkànjí ò kà á sí.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ohun tó jẹ́ tọmọ mi sọnù lára ẹ̀. Aṣọ ẹ̀, a ti fi ṣe sàráà. Bàtà ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti pín in. Èyí nìkan ló kù fún mi."

Àkànjí mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bátìrì kékeré kan nínú ẹ̀ ló ń di gbogbo bíìtì tí ọmọ náà ṣe mú. Tí iná ẹ̀ bá já pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á pa rẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ náà ti gbó, kò lè gba ooru púpọ̀. Ó ti ba irú ẹ̀ jẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ rí. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé òun ò ṣe. Àmọ́ ìyá náà ti jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ yẹn, kò sì fẹ́ gbé e kúrò.

"Màá ṣe é," ni Àkànjí wí.

Ojoojúmọ́ ni Ìyá Muhydeen ń wá jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan Àkànjí ra omi inú ọ̀rá fún un, ó pè é látẹ̀yìn títí, kò yíjú. Àfìgbà tó lọ dúró síwájú ẹ̀. Ìbànújẹ́ burú o, Àkànjí wí lọ́kàn ara ẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Súìṣì kékeré kan ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Á gbé àyọ́ọ̀nù gbígbóná sídìí ẹ̀, òjé á yọ́, á fà á jáde, á jó tuntun sípò ẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí tó fi dé orí bọ́tìnnì tí kòtò ẹ̀ jìn jù. Òjé ibẹ̀ ò tíì yọ́ tán tí wọ́n fi mú iná lọ. Súìṣì náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú ọ̀nà iná sì bá a ṣí kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì.

"Yéè! Mo gbé!"

Kò lè wo ojú ìyá náà. Ọwọ́ Àkànjí ni ìyá náà ń wò, omi ń dà lójú ẹ̀. Àkànjí tú íápíìsì kan tó ti bàjẹ́, ó fa wáyà tín-ín-rín yọ nínú ẹ̀, ó ń dúró de iná, ó ń be Ọlọ́run. Nígbà tí iná dé, ó fi wáyà náà so ibi tó já, kò tilẹ̀ mí.

Ìyá náà ti lọ sílé kó tó dán an wò. Ìlù bú jáde. Ó tẹ èyí tí kòtò ẹ̀ jìn jù, ẹ̀rín ọmọkùnrin kan sì jáde nínú sípíkà, ẹ̀rín ẹni tí ayé ń dùn mọ́. Àkànjí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ní òun gbọ́dọ̀ fi èènì sí i. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í ṣèènì, ta ló máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀? Ó lọ sí Ìkẹjà, ó wá orí bọ́tìnnì tuntun kiri títí tó fi rí i, ó fi wọ́n dé gbogbo ẹ̀, wọ́n ń dán. Ó kó àwọn súìṣì àtijọ́ sínú ọ̀rá, torí oníbàárà gbọ́dọ̀ rí ohun tí wọ́n yọ, kó má baà ní wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Àwọn orí tó jẹ yẹn, ike lásán, ó gbá wọn mọ́ pàǹtí. Mọ́tò akólẹ̀ kọjá láàárọ̀, ó gbé e lọ.

Ìyá Muhydeen dé pẹ̀lú Uswat, àbúrò ìyá náà lóbìnrin.

"Màmá, ó ti di tuntun! Mo fi orí bọ́tìnnì ṣèènì fún yín!"

Àkànjí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín Muhydeen gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, Uswat sì bú sẹ́kún. Ìyá Muhydeen ò sunkún. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ó fọwọ́ tọ́ ọ yí po. Ó bọ́ sí ìkejì. Ó tọ́ gbogbo wọn tán. Ó da ọ̀rá súìṣì sórí tábìlì, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ẹnu Àkànjí.

"Ibo lẹ kó o sí?"

"Kí ni, màmá? Bíìtì ẹ̀ pé, ohùn ẹ̀ pé, ìkankan ò sọnù!" Ó yí ohùn sípíkà sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ ná! Ẹ tẹ́tí!"

Uswat gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ẹnjiníà, ẹ dákẹ́, wọn ò gbọ́ yín, inú oyún Muhydeen ni àìsàn ti di etí wọn, wọn ò gbọ́ ohùn ọmọ yẹn rí láyé, kòtò tí ìka ẹ̀ dá sórí àwọn bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n máa ń ti ìka tiwọn bọ̀ láràárọ̀, kó lè dà bíi pé wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú."