Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Dìbò fún Òfì Mùyìbátù

Mùyìbátù kì í fi òwú sórí òfì láìkọ́kọ́ bi Wọ́sáàpù.

Láàárọ̀, á gbé àwòrán àwọ̀ mẹ́ta síbẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, èwo ni kí n hun?"

Bí ìbò ṣe ń wọlé ló ń kà á. Èyí tó bá ṣíwájú nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù ló máa hun.

Látìgbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ kankan ò sùn sínú àpótí láìtà mọ́.

Nọ́ńbà kan wà tí kò lórúkọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dìbò, àwọ̀ tó bá mú kì í sì í kùnà.

Lónìí, oníṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn ń retí aṣọ àpẹẹrẹ. Bó bá wù ú, á máa rà lóṣooṣù.

Bí kò bá wù ú ńkọ́? Gbogbo Ìsẹ́yìn á ní: "Ṣé a ò wí? Òfì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

Ràmọ́nì, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ahunṣọ, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Láti èṣí ni ò ti bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́.

Ìbò dọ́gba: àwọ̀ aró ogún, àwọ̀ ewé ogún. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ò tíì fọhùn.

Fóònù dún. Nọ́ńbà náà ló kọ̀wé ránṣẹ́:

"Mú aró. Ṣùgbọ́n dẹ ọwọ́ òsì rẹ o. Láti kékeré lo ti máa ń fa òwú lápá ibẹ̀ jù."

Mùyìbátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ padà pé: "Ẹ ṣé, Bàbá."

Èsì dé kíá.

"Bàbá wo? Oníbàárà ni mí. Jókòó, kó o hun aṣọ."